Aláìgbọ́ràn àbí adití? Ìtàn àrùn etí àwọn ọmọ kékeré

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú èdè wa tí ó ní ojú méjì. Bí a bá pe ọmọ ní aláìgbọ́ràn, ohun tí a sábà ń rò ni pé ó gbọ́ àṣẹ, ó sì kọ̀ láti tẹ̀ lé e; pé ó kọ etí ikún sí ọ̀rọ̀ àgbà. Ṣùgbọ́n bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, kò sọ ju pé ọmọ náà kò gbọ́ ọ̀ràn lọ. Kò sọ ohun tí ó fà á. Ọ̀rọ̀ kejì ni adití, ẹni tí etí rẹ̀ di. Láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún kan sí ọdún mẹ́ta wà. Wọn kì í ṣe olóríkunkun, wọn kì í sì í ṣe adití pátápátá. Àrùn ni ó ń di etí wọn, tí ó ń ṣí i, tí ó sì tún ń dì í.

Gbogbo ìyá ni ó mọ bí àrùn náà ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀fìnkìn ni ó kọ́kọ́ ń mú ọmọ. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ara rẹ̀ a gbóná, kò ní fẹ́ jẹun, a máa fọwọ́ fa etí, a sì máa sunkún ní òru nígbà tí a bá tẹ́ ẹ sílẹ̀. Nígbà mìíràn ọyún a tú jáde, ìrora a dín kù, gbogbo ilé a sì sinmi. Nígbà tí oṣù mìíràn bá yọ, ohun kan náà tún dé. Àwọn dókítà tí ń sọ èdè Faransé ń pè é ní otite. Bí ó bá mú ọmọ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù mẹ́fà, tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ọdún kan, wọ́n gbà pé àrùn tí ń padà wá ni. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti kà wọ́n, ọmọ márùn-ún nínú mẹ́fà ni ó ń ní i ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n tó pé ọdún mẹ́ta.

Nítorí pé ó wọ́pọ̀, a máa ń fojú kékeré wò ó. Bí a bá tọ ipasẹ̀ àrùn yìí nínú ìtàn, a ó rí i pé ó ti pa ọba, ó ti pa àwọn ọmọ tálákà, ó sì ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ọmọ tí kò pa. A ó tún rí i pé ìmọ̀ tí ó lè gba àwọn ọmọ wa lónìí kò dé lọ́jọ́ kan.

Ohun tí àwọn ará àtijọ́ rí

Ní ilẹ̀ Íjíbítì, ìwé ìṣègùn kan wà tí a ń pè ní Ìwé Ebers, èyí tí wọ́n kọ ní nǹkan bí ọdún 1550 ṣáájú ìbí Kristi. Nínú rẹ̀ ni oògùn wà fún etí tí kò gbọ́ràn dáadáa àti fún etí tí ń tú omi burúkú jáde. Ó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún lọ, nígbà náà, tí àwọn òbí ti ń gbé ọmọ tí etí rẹ̀ ń ṣọyún lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn.

Lẹ́yìn èyí, àwọn ará Gíríìkì tí wọ́n ń tẹ̀ lé ẹ̀kọ́ Hippocrates, ní ọgọ́rùn-ún ọdún karùn-ún ṣáájú ìbí Kristi, kọ ọ́ sílẹ̀ pé etí dídùn tí ara gbígbóná bá tẹ̀ lé jẹ́ ohun tí a gbọ́dọ̀ bẹ̀rù, nítorí pé aláìsàn lè máa sọ ìsọkúsọ, kí ó sì kú. Wọ́n ṣàkíyèsí pé ikú yìí ń tètè pa ọ̀dọ́ ju àgbà lọ, àti pé ọjọ́ keje lè má tíì kọjá. Wọn kò mọ ohun tí ó so etí mọ́ ọpọlọ, ṣùgbọ́n wọ́n rí i pé ohun kan ń gba ibẹ̀ kọjá.

Etí ọba François Kejì

Gbogbo wa tí a kọ́ ìtàn ilẹ̀ Faransé ní ilé-ẹ̀kọ́ ni a mọ orúkọ François Kejì, àmọ́ ìwọ̀nba ènìyàn ni ó mọ̀ pé etí ni ó pa á. Wọ́n bí i ní oṣù kìíní ọdún 1544. Láti kékeré ni ara rẹ̀ kò ti le, etí rẹ̀ sì ń dà á láàmú. Ní 1559, bàbá rẹ̀, Henri Kejì, kú láti ọwọ́ ọgbẹ́ tí ó gbà nínú eré ìjà orí ẹṣin. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni a sì gbé gorí ìtẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ni Marie Stuart, ọbabìnrin ilẹ̀ Scotland.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1560, ní ìlú Orléans, ọba ọ̀dọ́ náà dá kú lójijì. Etí rẹ̀ ń dùn ún gidigidi. Ambroise Paré, oníṣẹ́-abẹ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ ní ayé ìgbà náà, wà láàárín àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀, síbẹ̀ kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kejìlá ọdún 1560 ni ọba kú, kò tí ì pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ọyún inú etí ti gba inú egungun wọ orí.

Ikú yìí yí ìjọba padà. Àwọn Guise, ẹbí ìyá Marie Stuart, tí wọ́n ń pàṣẹ lórúkọ ọba, pàdánù agbára wọn ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Àbúrò ọba, Charles Kẹsàn-án, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ni ó jọba, ìyá wọn, Catherine de Médicis, sì di adelé. Marie Stuart padà sí ilẹ̀ rẹ̀ ní 1561. Ní 1562, ogun ẹ̀sìn bẹ́ sílẹ̀ ní Faransé. Èmi kò sọ pé etí ọmọ kan ni ó dá ogun sílẹ̀. Ìdí ogun náà pọ̀. Ṣùgbọ́n bí àrùn tí à ń pè ní kékeré bá lè tú ààfin ká bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí a ronú ohun tí ó ń ṣe nínú ilé àwọn tí kò ní ààfin.

Ọ̀nà láti imú dé etí

Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé ikú ọba yìí gan-an ni ọmọ Ítálì kan, Bartolomeo Eustachi, ṣàpèjúwe ihò tóóró tí ó so ẹ̀yìn imú mọ́ inú etí. Títí di òní, orúkọ rẹ̀ ni àwọn oníṣègùn fi ń pè é. Iṣẹ́ ihò yìí ni láti mú kí afẹ́fẹ́ wọ ẹ̀yìn awọ ìlù etí, kí omi ibẹ̀ sì rí ọ̀nà sàn jáde. Ìdí nìyí tí etí wa fi ń dún “pọ́” nígbà tí a bá gbé itọ́ mì.

Nínú ihò yìí ni àṣírí àrùn ọmọdé wà. Ti àgbàlagbà gùn, ó sì dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀. Ti ọmọ kékeré kúrú, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú. Bí ọ̀fìnkìn bá mú ọmọ, ihò náà a wú, a sì dí. Omi a dúró sẹ́yìn ìlù etí, kòkòrò tí ó wà nínú imú a rìn wọ ibẹ̀, omi a sì di ọyún. Ìdí nìyí tí àrùn náà fi ń padà wá pẹ̀lú ọ̀fìnkìn kọ̀ọ̀kan, tí ó sì sábà máa ń dín kù bí orí ọmọ ṣe ń dàgbà. Kì í ṣe ẹ̀bi ìyá, kì í sì í ṣe pé omi ìwẹ̀ ni ó wọ ọmọ létí. Ẹ̀yìn imú ni ó ti ń wá.

Ó gba àkókò kí ẹnikẹ́ni tó lo ìmọ̀ yìí fún ìwòsàn. Ẹni tí ó kọ́kọ́ gbìyànjú rẹ̀ kì í tilẹ̀ í ṣe oníṣègùn. Ọ̀gá ilé-ìfìwéránṣẹ́ ní Versailles ni, orúkọ rẹ̀ ni Guyot. Etí òun fúnra rẹ̀ ni ó di. Ó tẹ páìpù tín-ín-rín kan, ó gba ẹnu ara rẹ̀ tì í bọ ihò tí Eustachi ṣàpèjúwe, ó sì fi fọ̀ ọ́. Ní 1724 ni wọ́n gbọ́ ìròyìn rẹ̀ ní ilé àwọn ọ̀mọ̀wé sáyẹ́ǹsì ní Paris. Ta ni yóò gba irú ohun bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọdún méjì? Ní 1863 ni Adam Politzer, ní ìlú Vienne, rí ọ̀nà tí ó rọrùn: àpò rọ́bà kékeré kan tí a ń fi fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ihò imú ní àkókò kan náà tí aláìsàn ń gbé omi mì. Nípa báyìí, ọmọdé náà rí ìtọ́jú gbà.

Abẹ tí ó ń gbani, abẹ tí ó ń pani

Níbi tí ọyún bá ti wọ egungun ẹ̀yìn etí, afẹ́fẹ́ kò lè ṣe nǹkan kan mọ́. Ní 1736, Jean-Louis Petit, oníṣẹ́-abẹ ní Paris, gbẹ́ egungun náà, ó sì jẹ́ kí ọyún jáde. Aláìsàn náà yè. Ìbá ti jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ rere. Ṣùgbọ́n ní 1791, oníṣègùn ààfin ọba Denmark, von Berger, ní kí wọ́n ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ fún òun nítorí pé etí rẹ̀ ń hó, kò sì gbọ́ràn dáadáa mọ́. Kò sí ọyún níbẹ̀. Ó kú lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Ẹ̀rù ba gbogbo ayé, wọ́n sì pa iṣẹ́ abẹ náà tì fún nǹkan bí ọgọ́rin ọdún, títí Hermann Schwartze fi fi ìlànà rẹ̀ lélẹ̀ ní ilẹ̀ Jámánì ní 1873. Iye ọmọ tí ó kú láàárín àkókò náà, tí ọ̀nà Petit ìbá ti gbà là, Ọlọ́run nìkan ni ó mọ̀ ọ́n.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ lílu awọ ìlù etí. Ní 1801, Astley Cooper ní Lọ́ńdọ̀nù ròyìn pé òun fi abẹ́rẹ́ lu ìlù etí àwọn tí ihò Eustachi wọn di, tí wọ́n sì gbọ́ràn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Àwọn mìíràn gbọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lu etí gbogbo adití, ìbáà jẹ́ irú èyí tí ìlù lílu lè wò, ìbáà má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní Paris, Jean Itard, oníṣègùn ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití, ẹni tí ó kọ ìwé ńlá lórí àrùn etí ní 1821, dán ọ̀pọ̀ irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ wò lára àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ìrora ni ọ̀pọ̀ wọn rí gbà, kì í ṣe ìgbọ́ràn. Oògùn tí ó wo àìsàn kan kì í wo gbogbo àìsàn.

Ìtàn bàbá àti ọmọ kan tún wà tí ó yẹ kí a rántí. William Wilde ní ìlú Dublin wà lára àwọn àgbà oníṣègùn etí ní ayé rẹ̀. Nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1853, ó kìlọ̀ pé níwọ̀n ìgbà tí etí bá ń tú ọyún, ẹnikẹ́ni kò lè sọ ibi tí yóò parí sí. Ọmọ rẹ̀ ni Oscar Wilde, òǹkọ̀wé tí gbogbo ayé mọ̀. Ní ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kọkànlá ọdún 1900, Oscar kú ní Paris ní ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Àrùn etí tí ó ti pẹ́ lára rẹ̀ ni ó wọ ọpọlọ.

Kòkòrò, oògùn àti àjẹsára

Ní 1881 ni Louis Pasteur ròyìn kòkòrò kan tí ó rí nínú itọ́ ọmọ tí àrùn dìgbòlugi pa. Lẹ́yìn náà ni a wá mọ̀ pé kòkòrò yìí, tí a ń pè ní pneumocoque, wà lára àwọn tí ó ń fa àrùn ẹ̀dọ̀fóró, àrùn yírunyírùn àti ọyún inú etí. Nígbà tí a ti mọ ọ̀tá, ó kù kí a rí ohun ìjà. Ní 1935, Gerhard Domagk kéde oògùn Prontosil ní Jámánì, àwọn onímọ̀ ní ilé-iṣẹ́ Pasteur ní Paris sì fi hàn ní ọdún kan náà èyí tí ó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Pẹnisílínì, tí Alexander Fleming ti ṣàkíyèsí ní 1928, di oògùn gbogbo ayé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Kí ó tó di ìgbà náà, yàrá àwọn ọmọ tí a gbẹ́ egungun ẹ̀yìn etí wọn kún ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Láàárín ogún ọdún, àwọn yàrá náà fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo.

Fún àwọn ọmọ tí omi kò gbẹ lẹ́yìn ìlù etí wọn, Beverly Armstrong, dókítà ará Amẹ́ríkà, ròyìn ní 1954 nípa páìpù ṣíṣú kékeré kan tí a ń fi sínú ìlù etí kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé. Politzer ti gbìyànjú irú rẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú, ṣùgbọ́n kò dúró.

Níhìn-ín ńkọ́? Àwọn baba wa kò kọ ìṣègùn wọn sínú ìwé. Ẹnu ni a ń gbà fi í lé ọmọ lọ́wọ́. Pierre Verger, ará Faransé tí wọ́n tẹ̀ nífá ní Kétu, tí ó sì di Fátúmbí, wà lára àwọn tí ó kó ọ̀pọ̀ nínú ìmọ̀ ewé yìí jọ; ìwé rẹ̀ Ewé jáde ní 1995. Ìjọba amúnisìn dá ètò ìwòsàn fún àwọn ọmọ ilẹ̀ sílẹ̀ ní 1905, ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn sì ṣí ní Dakar ní 1918, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn olùrànlọ́wọ́ dókítà àti àwọn agbẹ̀bí láti Dàhòmì àti àwọn ilẹ̀ tó kù. Ṣùgbọ́n ìgbóná, ibà apọ́njú àti àrùn orun ni ètò náà gbájú mọ́, nítorí pé àwọn ni ó ń pa ènìyàn lójú gbogbo ayé. Etí ọmọdé kò sí nínú ìwé ìṣirò ẹnikẹ́ni. Ní 2004, Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé ẹni mílíọ̀nù 65 sí 330 ni etí wọn ń tú ọyún láìdáwọ́ dúró ní ayé, àti pé ìgbọ́ràn ju ìdajì wọn lọ ti bà jẹ́. Láti 2011 ni a ti ń fún àwọn ọmọ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára pneumocoque. Tógò bẹ̀rẹ̀ ní 2014. Ọ̀pọ̀ òbí rò pé nítorí ẹ̀dọ̀fóró nìkan ni. Ó ń dáàbò bo etí pẹ̀lú, bí kò tilẹ̀ lè dènà gbogbo àrùn etí.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni pé àìtètèmólè, olè ń mú olóko. Bí ọmọ kékeré bá ní ara gbígbóná, tí ó ń fa etí, tí kò sùn, ẹ má ṣe sọ pé eyín ni ó ń hù kí ẹ sì jókòó. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ inú etí rẹ̀ wò. Bí ẹ̀yìn etí bá wú, tí etí náà sì yọ síta, tàbí tí ọrùn ọmọ bá le, kí ilẹ̀ tó ṣú ni kí ẹ dé ibẹ̀.

Èkejì ni pé kì í ṣe gbogbo ohun tí a mọ̀ ni a ń dà sínú etí. Òróró, omi ewé, wàrà ọmú tàbí ìtọ̀ kò yẹ kí ó wọ etí tí ń tú ọyún, nítorí pé ìlù rẹ̀ ti ya, ohun tí a bá sì dà síbẹ̀ yóò wọ inú lọ. Aṣọ mímọ́ tí a lọ́ bí òwú àtùpà ni kí a fi máa fa omi náà gbẹ, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí a sì pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí ó bá rẹ. Èyí kò tàbùkù ewé àwọn baba wa. Ìtàn von Berger àti ti Itard fi hàn pé àwọn òyìnbó pẹ̀lú ti fi ohun tí ó dára pani nítorí pé wọ́n lò ó níbi tí kò yẹ.

Ẹ̀kẹta kan oògùn. Bí dókítà bá kọ oògùn apakòkòrò fún ọmọ, kí a lò ó tán, bí ìrora tilẹ̀ ti lọ ní ọjọ́ kejì. Bí ó bá sì ní kí a kọ́kọ́ máa wò ó fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe fún àwọn ọmọ tí ó ti ju ọdún méjì lọ tí àìsàn wọn kò le, kí a má ṣe lọ ra kápúsù lọ́wọ́ àwọn tí ń tà á lójú pópó. Kòkòrò tí a fi oògùn tí kò pé nà, ńṣe ni ó ń gbọ́n sí i.

Fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe é lóṣooṣù, ohun díẹ̀ wà tí ó ń dín in kù: kí a fún ọmọ ní ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, kí a má ṣe fún un ní ìgò mu ní ìdùbúlẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe mu sìgá nínú ilé tí ó wà, kí àjẹsára rẹ̀ sì pé. Lẹ́yìn èyí, sùúrù ni ó kù, nítorí pé ihò etí ọmọ yóò gùn.

Ẹ̀kẹrin kan àwa olùkọ́. Ọmọ tí omi wà lẹ́yìn ìlù etí rẹ̀ ń gbọ́ bí ẹni tí ó fi ìka di etí ni. Kò ní ìrora mọ́, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò fura. Ṣùgbọ́n nínú èdè tí igbá, igba àti ìgbà kì í ṣe ohun kan náà, ọdún méjì tí a fi gbọ́ràn ní ìlàjì kì í ṣe ohun kékeré. Nígbà tí ó bá tún dé ilé-ẹ̀kọ́, èdè Faransé, tí kì í ṣe ti ilé rẹ̀, ni yóò fi etí kan náà gbọ́. A ó ní ó ya ọ̀lẹ, a ó ní kò mọ̀wé, a ó ní aláìgbọ́ràn ni, a ó sì nà án. Kí a tó gbé pàṣán, ẹ jẹ́ kí a dúró sẹ́yìn ọmọ náà níbi tí kò ti lè rí ẹnu wa, kí a fi ohùn jẹ́jẹ́ pe orúkọ rẹ̀. Bí kò bá yíjú padà, kí a gbé e wá sí ìjókòó iwájú, kí a sì ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ kí ó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà etí.